Ṣé búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n olówó ńlá tó iye tí wọ́n ń tà á?

Ọmọ Mókọ́lá

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti fi kílípà sílẹ̀ tí mo ń fá irùngbọ̀n mi fúnra mi nílé, réésọ̀ oníbíléèdì kan ni mo ń lò, ọṣẹ ìfárùngbọ̀n gidi ni mo ń pò nínú abọ́, mo dẹ̀ ti wá fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ní àárọ̀ Sátidé, kí n tó jẹun, kí n tó gbé ìpè ẹnikẹ́ni, ìdí abọ́ ọṣẹ yẹn lẹ máa bá mi. Búrọ́ọ̀ṣì Yaqi ni mo ní, irun síńtẹ́tíìkì, ìyẹn àtọwọ́dá, 18,000 náírà ló jẹ́ títí tó fi dé ọwọ́ mi.

Àbúrò màmá mi tó wà ní Peckham ń bọ̀ wálé ní Kejìlá, wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ kí n sì fowó ránṣẹ́. Ojú mi ti wà lára Simpson Chubby 2, irun ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní badger ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo àwọn òyìnbó ló ń yìn ín. Ṣùgbọ́n ó ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ dáadáa, tí mo bá ṣẹ́ ẹ sí náírà ó lé ní 200,000! Mo níyàwó, mo lọ́mọ kan. Mi ò fẹ́ ná irú owó yẹn kí n wá rí i pé orúkọ lásán ni mo rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ṣé ojú mi á mọ ìyàtọ̀ ẹ̀? Bọ́ǹpù ọrùn mi ńkọ́, ṣé á jẹ́ kó lọ?

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó ná an. Èmi ti ná irú owó yẹn rí, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe ò ju mẹ́ta lọ. Ó ń gbé omi, ó ń po ọṣẹ títí á fi hó tí ìhó ẹ̀ á ki, ó dẹ̀ ń gbé irun dìde kúrò lára awọ kí bíléèdì lè rí i gé. Tó bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, bíléèdì ò mọ iye tó o ra búrọ́ọ̀ṣì. Yaqi ọwọ́ ẹ yẹn ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láyé ìgbà kan, síńtẹ́tíìkì le gan-an, kì í gbé omi, ó máa ń gún ojú, òun ló jẹ́ káwọn àgbà máa sá fún un, àmọ́ tòde òní ti yàtọ̀, wọ́n ti jẹ́ kí ẹnu irun ẹ̀ tín-ín-rín kó rọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta badger pàápàá ń tà á. Kò nílò kó o rẹ ẹ́ sómi, kì í rùn, ó yára gbẹ.

Ọdún 2019 ni mo ra Mühle silvertip tèmi, irun badger lòun náà, àwọn Jámánì kan ní Stützengrün ló ń ṣe é, láti 1945 ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ó rọ̀ bí òwú, ó máa ń gbé omi gbígbóná pamọ́ sínú irun yẹn, tó bá wá kan ojú nígbà ọyẹ́, ara á tù ẹ́ délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi méjì àkọ́kọ́ ló fi ń rùn bí ẹran, kó o mọ̀, ìyàwó mi ní kí n gbé e síta. Ṣùgbọ́n bọ́ǹpù? Kò yí nǹkan kan padà. Ohun tó lé bọ́ǹpù ọrùn mi lọ ni pé mo jáwọ́ nínú fífá irun lòdì sí ibi tó ń hù sí, mi ò dẹ̀ fa awọ le mọ́ tí mo bá ń fá a. Irun tiwa ká kóló, tó o bá gé e kúrú jù tó wọlé sábẹ́ awọ, á tún padà gúnlẹ̀ sínú ẹran ni, ibẹ̀ ni kókó yẹn ti ń jáde. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ibi tí owó ẹ̀ ń lọ wà o, kì í ṣe pé wọ́n ń jí owó wa. Badger ò pọ̀ nílẹ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀, Ṣáínà ni irun ẹ̀ ti ń wá jù, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bó ṣe gùn tó, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń dì í tí orí ẹ̀ á fi rí róbótó. Wọn kì í fi àlùmọ́gàjí gé orí ẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kí ẹnu irun tí Ọlọ́run dá wà bẹ́ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó rọ̀. Àwọn tó ń tà á ní pọ́ọ́kú máa ń gé tiwọn kó lè dọ́gba, irun tí wọ́n bá gé yẹn ló máa ń gún ẹ lójú bí ẹ̀gún. Àwọn orúkọ tó o máa ń rí, pure, best, super, silvertip, kò sí ìjọba kankan tó ń wọ̀n ọ́n o. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pe tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Super lọ́dọ̀ ẹni kan lè má tó best lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Alhaji Òjè

Àsàláàmù aláykùm. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀yin Mùsùlùmí ibí mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí “boar” lára páálí búrọ́ọ̀ṣì, ẹlẹ́dẹ̀ ni o. Irun ẹlẹ́dẹ̀ gan-gan. Mi ò mọ̀. Mo ra Omega kan, ará Ítálì, Bologna ni wọ́n ti ń ṣe é, kò wọ́n rárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi í ra ojú kí ọmọ mi tó wò ó lórí fóònù tó wá sọ fún mi. Ara mi bù máṣọ. Mo bi alfa wa, wọ́n ní ọ̀rọ̀ irun ẹ̀, àríyànjiyàn wà láàárín àwọn onímọ̀, pé ẹlòmíì ò rí i bí ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ọkàn tèmi ò balẹ̀ kí n ti ibẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Mo fọ̀ ọ́, mo fún aládùúgbò mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ó ń lò ó títí dòní, ó ní ó dára, pé bó ṣe ń pẹ́ ló ń rọ̀ sí i.

Ẹni tó ń tà á yẹ kó máa sọ fáwọn èèyàn. Síńtẹ́tíìkì ni mo ń lò báyìí, mo dẹ̀ ń wo irun ẹṣin bóyá kí n rà á. Ní ti badger, kálukú lọ bi alfa ẹ̀.

Dókítà Láàbù

Alhaji, irun ẹṣin yẹn ò burú, ó wà láàárín badger àti ẹlẹ́dẹ̀ ní líle. Àmọ́ ẹ má ra èyí tí kò lórúkọ tàbí àlòkù àtijọ́ tí ẹnì kan bá kó wá láti ilé òyìnbó tó ti kú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kan kó àrùn anthrax lára búrọ́ọ̀ṣì ìfárùngbọ̀n. Àrùn tó ń pa màlúù yẹn náà ni. Nítorí ogun, irun badger wọ́n, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi irun ẹṣin ṣe é, wọn ò pa kòkòrò inú ẹ̀ dáadáa, tí réésọ̀ bá wá gé ojú díẹ̀, kòkòrò á gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn kan kú sí i. Ti ìsinsìnyí, àwọn ilé iṣẹ́ tó dáńtọ́ ń fọ irun wọn kí wọ́n tó dì í, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ṣáà rà á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ orísun ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà ra ojú èèyàn mẹ́wàá.

Ọmọ Mókọ́lá

Ha, mi ò mọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀ yẹn rárá o. Ẹ ṣeun Alhaji, ẹ ṣeun dókítà.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà, ó ti ń yé mi. Ìyẹn ni pé ìgbádùn ni mò ń ra, kì í ṣe ojú tó dán?

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbádùn náà dẹ̀ ní iye tiẹ̀, mi ò ní pé kò ní. Kó o ṣáà mọ èyí tó ò ń san owó ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Onírun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin. Onírun ni mí ní Chálẹ́ńjì, ọkọ mi ló wà nínú nǹkan yìí, èmi ni mo ń bá a ra ọjà ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí, àwa obìnrin ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, human hair àti àtọwọ́dá náà ni. Ẹni tó ra human hair á fi ọdún bíi mélòó lò ó tó bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú, oṣù mẹ́ta ló máa fi di kókó mọ́ ọn lórí, ó dẹ̀ ti ná owó gọbọi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá ẹ lè tọ́jú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wọlé gan-an ni ayédèrú. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta àtọwọ́dá fún wa bíi human hair, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pa irun mìíì láró tí wọ́n ń kọ badger sí i lára. Mo ra ọ̀kan fún ọkọ mi níbì kan láàárín ìgboro, 35,000, wọ́n ní badger ni. Ara mi ò gbà á. Mo fa irun kan yọ lára ẹ̀, mo tan iná sí i, ṣe ló yọ́ tó di kóró dúdú lórí, òórùn ike ló ń rùn. Irun ẹran á jó di eérú ni, òórùn irun tó jóná lẹ máa gbọ́. Mo dá a padà, a fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ títí, wọn ò fún mi lówó, ọjà mìíì ni wọ́n ní kí n kó. Ẹ máa dán an wò kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ò ní sọ fún yín bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n pa láró o, torí irun ẹran lòun náà, àmọ́ á gbà yín lọ́wọ́ ike.

Bàbá Àpáta

Ẹ kú ìjókòó ẹ̀yin ọmọ mi. Mò ń ka gbogbo ẹ̀ láti àná, ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí mi ò fara mọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ.

Ọdún 1977 ni mo ra búrọ́ọ̀ṣì badger mi àkọ́kọ́ ní Leeds, mò ń kàwé níbẹ̀ nígbà náà, owó tó jẹ́ mú mi nínú oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbé e wálé. Mo fi í lọ síṣẹ́ ìjọba, mo fi í ṣe ìgbéyàwó, títí di 1999 kí irun ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já díẹ̀díẹ̀. Bí ọdún méjìlélógún. Mo ra òmíì lọ́dún yẹn kan náà, òun ni mo fi fárùngbọ̀n láàárọ̀ òní. Búrọ́ọ̀ṣì méjì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdékùnrin. Ẹ bá mi pín owó ẹ̀ sí ọdún kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ó wọ́n.

Ṣùgbọ́n mo ń tọ́jú ẹ̀ o. Tí mo bá lò ó tán, màá ṣàn án nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ọṣẹ ò fi ní sí nínú ẹ̀ mọ́, kì í ṣe omi tó ń hó, omi tó ń hó ń ba irun badger jẹ́, ó dẹ̀ lè tú góòmù ìdí ẹ̀. Màá fún un níwọ̀nba, mi ò ní lọ́ ọ, màá gbọ̀n ọ́n, màá fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún, màá gbé e síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́bàá fèrèsé. Kì í ṣe inú bálùwẹ̀, kì í dẹ̀ ṣe inú páálí aláwọ tí wọ́n tà á mọ́. Láti oṣù Kẹfà títí dé Kẹsàn-án nílẹ̀ Ìbàdàn yìí, bàtà aláwọ pàápàá ń bu, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ irun tó mu omi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ra tiẹ̀ lọ́dún kan náà pẹ̀lú mi, ó ń dé e mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ọdún kejì ló bu tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó jù ú nù.

Ẹ tún má máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ abọ́ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Ẹnu irun ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìdí ẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́, àárín ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pá.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹ kú ọgbọ́n àgbà sà. Mo gbà fún yín lórí ìtọ́jú, gbogbo ẹ̀ pátá. Ibi tí mo fẹ́ fi kún ni pé síńtẹ́tíìkì náà ń pẹ́ sà, tèmi tó kéré jù ti lo ọdún mẹ́fà, irun kan ò tíì já, òjò ò dẹ̀ rí nǹkan ṣe sí i torí kì í mu omi sára. Tá a bá pín owó tiẹ̀ náà sí ọdún, kò tó nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tẹ́ ẹ ní sí nǹkan tẹ́ ẹ ti mú lọ́wọ́ láti 1999, ìyẹn ò ṣeé díwọ̀n sà.

Bàbá Àpáta

O sọ òótọ́. Mi ò tíì lo èyí tó jẹ́ síńtẹ́tíìkì tuntun rí, ti ayé ìjọ́un ni mo mọ̀. Màá ní kí ọmọ mi bá mi ra ọ̀kan kí n wò ó.

Ọmọ Ìyá Elépo

Omi ńkọ́? Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ omi. Ilé tí mo gbé tẹ́lẹ̀ ní Mọ́níyà, omi borehole ibẹ̀ le, ọṣẹ ò kì í hó, mo ti ń bú búrọ́ọ̀ṣì kiri, mo ti fẹ́ lọ ra olówó ńlá. Ọjọ́ kan ni mo fi omi òjò po ọṣẹ yẹn kan náà, ṣe ló hó dé etí abọ́. Láti ọjọ́ náà, kẹ́ẹ̀gì kan omi òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń fárùngbọ̀n, tí òjò bá dá, màá ra omi inú ọ̀rá. Omi náà ò pọ̀, ife kan tó. Tí búrọ́ọ̀ṣì yín bá ti ní nǹkan funfun tó le mọ́ ìdí irun ẹ̀, ọṣẹ àti omi líle ló para pọ̀, ẹ bu fínígà díẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rẹ ẹ́ sí i fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ ṣàn án dáadáa.

Ọṣẹ dúdú tún ni, mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè. Ó ń hó, àmọ́ ìhó ẹ̀ ò dúró, kẹ́ ẹ tó fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán, èkejì ti gbẹ, ó dẹ̀ máa ń ta ojú tí réésọ̀ bá ti kọjá níbẹ̀. Ẹ fi í fọ ojú ṣáájú, kẹ́ ẹ wá fi ọṣẹ ìfárùngbọ̀n gidi fá a. Tẹ́ ẹ bá fá a tán, òrí díẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Sáńgò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ yí igi nítòsí ọjà pákó Bódìjà, ẹsẹ̀ àga, ọmọ odó, ọwọ́ àtẹ̀gùn. Láti bí ọdún méjì ni àwọn ọmọkùnrin kan ti ń wá bá mi fún èèkù búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí èèyàn ò mọ̀ ni pé ìdì irun yẹn nìkan ṣeé rà. Yaqi ń tà á bẹ́ẹ̀, badger àti síńtẹ́tíìkì, owó ẹ̀ kéré gan-an sí èyí tó lórúkọ. Nínú owó tẹ́ ẹ ń san fún Simpson yẹn, èèkù wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wà níbẹ̀, orúkọ tí wọ́n ti ń kọ́ láti 1919 wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn nǹkan tó dáa lọ́wọ́, a lè ṣe èèkù níbí.

Igi apá ni mo fẹ́ràn jù fún un. Ó wúwo, omi ò kì í tètè rí i ṣe. Ìrókò náà dáa, eruku ẹ̀ nìkan ló máa ń yún èmi lára tó dẹ̀ ń di ọ̀fun, mo máa ń bo imú. Tí ìdì irun bá jẹ́ 24 mìlímítà nídìí, màá gbẹ́ ihò ẹ̀ kó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tín-ín-tín, góòmù Araldite tí wọ́n ń po méjì pọ̀ la fi ń lẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ṣe jẹ́ kó wọlé tó ló máa sọ bí irun ẹ̀ ṣe máa le tó, tó bá wọlé púpọ̀ á le, tó bá yọ síta púpọ̀ á rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sínú ihò láìfi góòmù sí i, ẹ fọwọ́ gbọ̀n ọ́n wò, torí tí góòmù bá ti mú un, ó ti parí. Fáníìṣì inú àti ìta ẹ̀ ṣe kókó, ihò tí èèyàn ò bá kùn nínú, omi á wọ ibẹ̀, tí ọyẹ́ bá dé á sán.

Ìyá Ìbejì Onírun

Èló lẹ ń gba èèkù kan?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Sáńgò

Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, màmá, ó dá lórí igi. Mi ò ní gbówó lórí yín.

Ọmọ Mókọ́lá

Mo ti jókòó ro gbogbo ẹ̀. Mo tún lọ fọ Yaqi mi yìí lálẹ́ àná, mo fi omi òjò po ọṣẹ bí Ọmọ Ìyá Elépo ṣe wí, mo fá irun sísàlẹ̀ nìkan, mi ò fá a sókè. Láàárọ̀ yìí ọrùn mi ò ta mí, ọjọ́ kan ṣoṣo ni o, mi ò tíì lè sọ pé ó ti lọ, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti jí tí kò yún mi.

Mo ti ní kí bọ̀ọ̀dá Peckham má ra Simpson. Mo ní kí wọ́n bá mi ra ọṣẹ méjì pẹ̀lú ìdì irun badger 24 mìlímítà, ìyókù owó á wọlé sí owó iléèwé ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ bi gbẹ́nàgbẹ́nà ni pé, bàbá mi fi àga ìrókò kan sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ẹsẹ̀ kan ti já lára ẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jù ú nù. Orí àga yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí láàárọ̀ tí wọ́n bá ń fárùngbọ̀n, pẹ̀lú dígí kékeré kan lórí eékún. Ṣé ẹsẹ̀ yẹn lè di èèkù?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Sáńgò

Ó lè ṣe é dáadáa. Igi tó ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ló dára jù, kò ní sán. Wò ó bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́, tó o bá rí ihò wẹ́wẹ́ tí eruku ń dà níbẹ̀, sọ fún mi. Gbé gbogbo ẹ̀ wá bó ṣe wà, má gé e nílé, má dẹ̀ fi pépà yọ àwọ̀ ara ẹ̀. Mo máa ń wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ, Sunday nìkan ni mi ò kì í ṣí.

Bàbá Àpáta

Tó o bá ṣe é tán, jẹ́ ká rí i o.